Gééjì Tí Bàbá Mi Àgbà Kò Gbà Gbọ́

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fún Bàbá, bàbá mi àgbà, ní ojúlé wa ní Ilare, ní Ifẹ̀, ààfáà kan gba máìkì, ó ní onísùúrù èèyàn ni olóògbé, pé ohunkóhun tí èèyàn bá sọ fún wọn ni wọ́n máa ń gbà láìjiyàn. Mo wo Màmá, ìyàwó wọn, Màmá náà wò mí. Màmá tó ti ń sunkún láti àárọ̀ fi ìborùn bo ẹnu, èjìká wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ààfáà rò pé ẹkún ni, ó wá túbọ̀ gbóhùn sókè nídìí àdúrà.

Mi ò bínú sí ààfáà. Kò mọ Bàbá ni. Àwa tí a mọ̀ wọ́n mọ̀ pé Alájì Làmídì onílọ́rì kò ní sùúrù rárá, wọn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ àfi tí wọ́n bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn Bàbá ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Tí mo bá gbọ́ ìró lọ́rì lójú títì báyìí, omi á lé sí mi lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe rí gan-an sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìwà ẹlòmíràn rán wọn lọ sọ́run.

“Ta ló tún rí i?” Ìbéèrè tí Bàbá fi gbé ayé nìyẹn. Obìnrin kan ní ojúlé kejì wá lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí àbúrò mi, Sàúdá, lẹ́yìn ọ̀kadà ọkùnrin kan ní Mayfair. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa, ó fi ojú ṣe é, ó fi ọwọ́ ṣe é. Bàbá ní kí wọ́n fún un ní omi mu. Ó mu omi tán, wọ́n ní, “Ta ló tún rí i?” Ó ní òun nìkan ni. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, tí ẹni kejì bá ti rí i, kí àwọn méjèèjì jọ wá. A ò rí obìnrin náà títí tí ọdún fi yípo. Àmọ́ bó ṣe ń jáde ni Bàbá ti ń pe Sàúdá. Sàúdá ní ọmọ àǹtí wa tó ń bọ̀ láti Ìlódè ló gbé òun. Ṣé Bàbá á gbà? Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe àǹtí. Inú bí Sàúdá, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?” Wọ́n ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́ dáadáa ni.”

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo mú ọkọ mi wálé, gbogbo ilé dunnú, Màmá ti ń gbàdúrà ìbejì. Bàbá kàn béèrè ìlú rẹ̀ ni. Ọmọ Ẹdẹ ni ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá wọ agbádá funfun, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan, Ẹdẹ ni wọ́n sì forí lé. Wọn kò dé ilé àwọn àna mi rárá. Télọ̀ kan tó wà níwájú àdúgbò ni wọ́n lọ bá, pẹ̀lú obìnrin kan tó ń lọ ata ní òpin àdúgbò náà. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ní, “Ráfíà, onílọta sọ ọ́ dáadáa, télọ̀ náà sọ ọ́ dáadáa. Ẹ lọ ṣe yìgì yín.” Ojú tì mí nígbà náà. Ní báyìí, inú mi máa ń dùn pé wọ́n tìtorí mi wọkọ̀ lọ bá onílọta.

Tó bá kan oṣù Ràmàdáánì, ọ̀rọ̀ á tún yàtọ̀. Rédíò á ti kéde pé wọ́n ti rí oṣù, àwọn ará ilé á ti máa wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe sààrì, Bàbá á ṣì dúró lójúde, wọ́n á gbé ojú sókè, wọ́n á máa bá ìkùukùu jà. Tí wọn kò bá rí i, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìwó. Ẹ̀gbọ́n náà, tí etí wọn ti di, á máa pariwo pé, “Mo rí i! Mo ní mo rí i, Làmídì!” Ìgbà náà ni wọ́n á tó wọlé. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ni rédíò ṣe fún wọn. Wọ́n ní, “Rédíò gbọ́ ni. Kò lójú.”

Kí ẹ má rò pé orí kunkun lásán ni. Olóríkunkun kì í yí padà. Bàbá máa ń yí padà, kíá ni, tí ẹ̀rí bá ti pé. Ọmọbìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ní ó ti ga. Bàbá ní kó wọn apá kejì. Ó wọn ọ́n, ó ga. Wọ́n jáde, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọn kò sọ fún onítọ̀hún pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún àwọn tẹ́lẹ̀. Ó ga níbẹ̀ náà. Wọ́n délé, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, wọ́n sì ti àwo ọbẹ̀ sẹ́yìn. “Láti òní lọ, ẹ má fi iyọ̀ sí tèmi.” Ẹni tó fẹ́ràn iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó máa ń bu ú sórí ọsàn! Wọn kò tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Èyí tí gbogbo Ilare sì fi mọ̀ wọ́n ni ti lọ́rì.

Agbégilódò ni, irú èyí tó jẹ́ pé orí àti ẹ́ńjìnnì nìkan ni irin, igi ló kù. Ó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Òun ló gbé pákó tí wọ́n fi kan òrùlé ìdajì àdúgbò wa, òun ló gbé ẹrù ìyàwó Màmá. Síbẹ̀ Màmá kò pè é ní lọ́rì rí. “Orogún mi” ni wọ́n ń pè é. “Ẹ bá mi wò ó bóyá Bàbá yín ti kúrò lọ́dọ̀ orogún mi, oúnjẹ ti ń tutù.” Tí Bàbá bá ti ra nǹkan tuntun fún lọ́rì, Màmá náà á béèrè tiwọn, wọ́n á sì rí i gbà. Tí ìbínú wọn bá wá le gan-an, wọ́n á pa Yorùbá ilé ìwé tì, wọ́n á kó o sí Ifẹ̀ pọ́ńbélé, Bàbá tí àwọn òbí wọn wá láti Ìwó á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìgbà òjò kan ni ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà kú. Róòbà tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀ bẹ́ nínú igbó, omi dà nù, ẹ́ńjìnnì sì jóná. Ọjọ́ kejì ni a tó rí Bàbá, àwọn àgbẹ̀ ló gbé wọn wálé lórí ọ̀kadà, ara wọn tutù, ẹnu wọn sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá tó bí mi lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ni àkọ́bí Bàbá, Ganíyù ni orúkọ wọn. Lórí lọ́rì yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n kúnlẹ̀ bẹ Bàbá pé kí wọ́n ta á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí wọ́n sinmi.

Bàbá ní ta ló sọ fún Ganíyù pé ó rẹ àwọn.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí Màmá fi dá sí i. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì tuntun náà bá ń gbóná, Bàbá á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọn kò sì ní wa lọ́rì mọ́ láyé. Màmá gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni Bàbá fi fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú sínú àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n fi lélẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀. Tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ibi ìjókòó lójúde ló kù, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń ka ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Múfú ni mẹkáníìkì wọn, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́, àmọ́ tó máa ń tètè yọ̀. Ó rí ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ kan tó ti ara irú lọ́rì mìíràn jáde, ó gé irin, ó jó irin, ó gbé e wọlé. Ẹ́ńjìnnì náà dún, ó dún dáadáa, kò sí èéfín. Bàbá wà á lọ sí Mayfair, bàbá mi jókòó tì wọ́n. Wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ tí abẹ́rẹ́ gééjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí fi sáré dé ojú pupa, ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá mi kò pariwo. Wọ́n na ọwọ́ ni. “Bàbá, ẹ ti ṣe àdéhùn.”

“Ta ló sọ pé ó gbóná?”

“Gééjì nìyí níwájú yín.”

“Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀?” Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí iwájú lọ́rì, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rédíétọ̀. Omi kò hó. Kò sí òórùn. “Ọwọ́ mi ní kò gbóná.”

“Bàbá, ọwọ́ yín ti yi. Kò mọ iná mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n. Wọ́n rọra wa lọ́rì padà sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì náà, Bàbá pè wá síta, èmi, bàbá mi àti Múfú. Wọ́n ní kí Múfú fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó tutù bí omi àmù. Wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí iná lè dé ojú gééjì, wọn kò tan ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó kọjá àárín. Wọ́n yíjú sí bàbá mi, wọ́n ní, “Ganíyù, ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú, níbo ló ti rí ooru?”

Múfú yọ wáyà tó wà lórí sẹ́ńsọ̀, nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kó lè máa rán ìròyìn ooru sí gééjì. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀ pátápátá. Ó fi wáyà náà kan irin, abẹ́rẹ́ fò lọ sí òpin. Gééjì kò kú nìyẹn, wáyà náà kò já. Ó ku sẹ́ńsọ̀. Ti ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ ni, gééjì sì jẹ́ ti lọ́rì àtijọ́. Bàbá ní bí ẹni tó fi kóńgò Ìbàdàn wọn gààrí fún ẹni tó mọ kóńgò Ifẹ̀ ni, àwọn méjèèjì kò purọ́, ṣùgbọ́n iye wọn kò lè bára mu.

Síbẹ̀, èyí jẹ́ àlàyé, Bàbá kò sì gba àlàyé rí láìrí i. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé ìkòkò tí Màmá fi ń se ẹ̀wà. Wọ́n gbé e kaná, wọ́n gbé bátìrì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n tú gééjì jáde, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì fi sẹ́ńsọ̀ ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ kọ́ sínú omi. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí. “Orogún mi ti wọ ilé ìdáná mi báyìí.” Omi náà kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí abẹ́rẹ́ fi lé sí pupa. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ sí i, èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì tó jóná, tí Múfú ti jù sínú agolo. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gun òkè bí omi náà ṣe ń gbóná, ìgbà tí omi hó yéè ló tó fẹ́ kan pupa. Bàbá ń pa àtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Mi ò gbàgbé ojú wọn lọ́jọ́ yẹn láé.

Ihò tó wà lára ẹ́ńjìnnì tuntun fẹ̀ ju sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ lọ, Múfú wá gbé sẹ́ńsọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ń gbẹ́ irin, ó bá wọn gbẹ́ òrùka tó gbà á. Kó má baà jò, Múfú fi tépù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò wé e yípo yípo, ó dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ kò mira. Wọ́n wà á yí Ilare ká, wọ́n wà á dé Ìlódè, abẹ́rẹ́ sùn sísàlẹ̀.

Inú Múfú dùn, ó ń fò sókè. “Bàbá, ó ti tutù! Ó ti parí!” Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìlú yìí tí abẹ́rẹ́ wọn sùn bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá mi náà gbà. Wọ́n yọ fìlà, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ jàre. Kọ́kọ́rọ́ yín ni.”

Ibí ni mo ti mọ ẹni tí Bàbá jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti já sí ọwọ́ wọn. Ẹni tó ń bá wọn jà ti gbà fún wọn. Kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n lọ jẹun. Wọ́n dúró ti lọ́rì, wọ́n wo abẹ́rẹ́ náà títí. Wọ́n ní, “Múfú, ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ tó báyìí, tí kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá? Òkú ni?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀,” Múfú ń bẹ̀bẹ̀. “Alájì Ganíyù ti gbà.”

“Ganíyù gbà nítorí abẹ́rẹ́ yìí. Irọ́ ni abẹ́rẹ́ yìí ń pa. Àná ó purọ́ mọ́ mi, lónìí ó ń purọ́ gbè mí. Tú u.”

Ó tú u. Tépù náà ni. Sẹ́ńsọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ fara kan irin ẹ́ńjìnnì kí ó tó lè rí ìròyìn rán, tépù sì ti bò ó lára yíká. Wọ́n já tépù dànù, wọ́n fi wọ́ṣà irin tó mọ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n dè é padà. Nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ṣe nínú ìkòkò ẹ̀wà. Bàbá ní kí a di ẹrù sí i. Wọ́n ní títì tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan, òkè ni a ó lọ.

A di pákó kún ẹ̀yìn lọ́rì, a forí lé òkè tó wà lọ́nà abà, níbi tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti máa ń mí gúlegúle. Bàbá wà nídìí sítíárìn, èmi wà láàárín, bàbá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ni Bàbá ti ń bi mí.

“Ráfíà, ó wà níbo?”

“Ó kù díẹ̀ kó dé àárín, Bàbá.”

Ẹ́ńjìnnì ń ké, pákó ń dún lẹ́yìn wa. Bàbá mi di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú.

“Ó wà níbo?”

“Ó ti dé àárín.”

“Ó ń lọ?”

“Ó dúró, Bàbá. Ó dúró síbẹ̀.”

Wọ́n ń béèrè, mo ń dá wọn lóhùn, títí a fi gun òkè náà tán. Abẹ́rẹ́ kò kúrò ní àárín. Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi sọ̀, wọ́n lọ fọwọ́ kan rédíétọ̀ fúnra wọn, wọ́n fetí sí i, wọ́n tún yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá omi ń jò. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, wọ́n ní, “Bàbá, mo ti rí i fúnra mi. Ẹ́ńjìnnì yìí dára. Mi ò tún ní sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́.”

Inú mi dùn débi pé mo ti ń wá fóònù láti fi pe Màmá. Bàbá ṣì di sítíárìn mú. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo iwájú. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi, ohùn wọn rọlẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

“Ráfíà, láti ìsàlẹ̀ òkè dé ibí, ta ló ń ka gééjì?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ṣé ó jìnnà sí mi ni?”

Mo wo gééjì. Iwájú wọn gan-an ló wà, tí wọ́n bá na ìka, ìka á kàn án. Ìgbà náà ló yé mi. Bàbá mi náà ti gbọ́ ọ, wọ́n ń wo ilẹ̀.

“Mo rò pé dígí rẹ̀ ló dọ̀tí,” Bàbá ní. “Mo nù ún láàárọ̀. Mo tún nù ún nísàlẹ̀ òkè. Àfi tí mo bá tẹ ojú mọ́ ọn ni mo ń rí i. Ìwọ kò nù ún, o sì rí i.” Wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yọ, wọ́n sì nà án gba ojú fèrèsé sí ọmọ wọn. “Ganíyù, ẹ́ńjìnnì kò ṣe nǹkan kan. Ojú mi ni.”

Bàbá mi, tí wọ́n ti ń béèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn láti ìgbà òjò, kò lè na ọwọ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku ẹ̀gbẹ́ títì, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ wọn lẹ́yìn ọrùn níbi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí, wọ́n gba iwájú lọ́rì yíká, wọ́n gun ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì jókòó síbi tí èrò ń jókòó.

“Dìde, Ganíyù,” wọ́n pariwo láti inú lọ́rì. “Ẹrù wúwo lẹ́yìn wa. Gíà kejì ni kó o fi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí.”